Ẹ̀dítọ̀ ńlá fẹ́ wá ṣe àlejò wa níbi dínà àmì ẹ̀yẹ, kí ló yẹ ká ní kó ṣe gan-an?

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò dínà ọdọọdún fún ẹgbẹ́ àwa oníròyìn níbi tá a wà. Ẹ mọ irú ẹ̀, wọ́n á múra, wọ́n á jẹun, wọ́n á fún àwọn tí iṣẹ́ wọn dáa lọ́dún yẹn ní àmì ẹ̀yẹ, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ìsọ̀rí mẹ́sàn-án la ní, látorí ìròyìn oníwàádìí títí dórí fọ́tò àti àwòrán ẹ̀fẹ̀. Lọ́dún yìí orí bá wa ṣe é, ẹ̀dítọ̀ ńlá kan tó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nídìí iṣẹ́ yìí, tí gbogbo wa ti ń ka iṣẹ́ ẹ̀ látìgbà tá a wà níléèwé, gbà láti wá ṣe àlejò pàtàkì. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí a ò tíì kéde.

Inú gbogbo èèyàn ń dùn, inú tèmi náà ń dùn, àfi ìgbà tá a jókòó ìpàdé tí mo béèrè pé kí la fẹ́ kí bàbá yìí wá ṣe gan-an. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Ẹnì kan ní kó wá sọ̀rọ̀. Mo ní lórí kí ni? Ó ní "lórí iṣẹ́ ìròyìn náà ni." Ẹlòmíì ní kó bá àwọn onígbọ̀wọ́ ya fọ́tò, torí ìyẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mú owó wá lọ́dún tó ń bọ̀. Alága wa ní kó ṣáà ti jókòó síwájú, pé ìjókòó ẹ̀ nìkan ti tó.

Ohun tó ń já mi láyà ni ti ọdún èṣí. Àlejò tá a pè nígbà yẹn gba máíkì, kò fi sílẹ̀ fún odidi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 14, èmi ni mo ń wo aago. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ tò sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́, wọn ò lè wọlé, wọn ò lè padà sẹ́yìn, nígbà tó yá ọ̀kan nínú wọn gbé tiẹ̀ lé orí spíkà. Ìgbà tá a fi máa dórí àmì ẹ̀yẹ, àga ti ń ṣófo lẹ́yìn, ni MC bá ń sáré pe orúkọ bí ìgbà tí tíṣà ń pe rẹ́jístà. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó fi oṣù mẹ́jọ tọpa ìwé kọ́ńtíráàtì kan, òun ló gba ti ìròyìn oníwàádìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni MC pe orúkọ ẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè, bí wọ́n ṣe ṣì í pè tó nìyẹn. Ó lọ gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ó padà síbi tó jókòó sí. Tábìlì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni mo wà. Mo rí i tó ń fi àtàǹpàkò ra ojú pílákì yẹn, ó kà á, ó tún un kà, ó wá dojú ẹ̀ délẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀. Wọ́n ṣi orúkọ ẹ̀ kọ síbẹ̀ náà.

Ká má tíì sọ ti ìsọ̀rí ọrọ̀ ajé. Ilé iṣẹ́ tó gbówó kalẹ̀ fún ìsọ̀rí yẹn náà ni ìròyìn tó gbégbá orókè ń yìn látòkè délẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọ̀hún ló sì tún gun orí ìtàgé tó lọ gbé àmì ẹ̀yẹ lé ẹni tó kọ ọ́ lọ́wọ́. Ẹnì kan tẹ̀ sí mi létí, ó ní "ṣé rìsíìtì lẹ fún un ni àbí àmì ẹ̀yẹ?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí lẹ máa ń ní kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ṣe? Ṣé kó wà lára àwọn adájọ́ ni? Àti pé báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹni ńlá pé kó má sọ̀rọ̀ jù, tí kò ní dà bíi pé à ń rí i fín? Oṣù mẹ́ta ààbọ̀ ló kù o, ẹ ṣeun.

Bàbá_Déèsìkì

Àbúrò, o káre tó o tètè béèrè. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí déèsìkì kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti pè mí ṣe àlejò irú ibẹ̀ yẹn láìmọye ìgbà, torí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ àlejò fún ẹ. Wọ́n á kọ lẹ́tà sí ẹ, lẹ́tà ọ̀hún á kún fún oríkì, àgbà ọ̀jẹ̀, òpómúléró, kí ni kan kí ni kàn, tó o bá kà á délẹ̀ o ò ní mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Aago tó o máa dé, kò sí. Ìṣẹ́jú tó o máa fi sọ̀rọ̀, kò sí. Àwọn wo ló máa jókòó síwájú ẹ, kò sí. Kí lo fẹ́ kírú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Á lọ gbọn eruku kúrò lára ọ̀rọ̀ tó sọ níbòmíì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, á fi "ojúṣe oníròyìn láwùjọ" bẹ̀rẹ̀, ẹ ti wọ gàù nìyẹn. Ẹ má wulẹ̀ dá àlejò yín èṣí lẹ́bi jù, ẹ̀yin lẹ ò gé e.

Ti pé kó má dà bíi pé ẹ̀ ń rí i fín yẹn, kò sí ńbẹ̀ rárá. Ẹ̀dítọ̀ lẹ pè! Gbogbo ayé ẹ̀ ló fi ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé "ọ̀rọ̀ 800 ni mo ní kó o kọ, kí ni 2,000 yìí?" Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìṣẹ́jú 12 ni, kò ní bínú. Èyí tó bá bínú nínú wọn, kì í ṣe ẹ̀dítọ̀, olóṣèlú ni.

Ohun tó yẹ kó ṣe nìyí. Ẹ fi iṣẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó gbégbá orókè ránṣẹ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, láàárín ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kó kà wọ́n. Kó wá mú mẹ́ta níbẹ̀, kó ka ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan síta, kó sọ ohun tó rí, pé ibi tí ọmọ yìí ti lọ wo ìwé tẹ́nikẹ́ni ò wò nìyí, ibi tí ì bá ti bú èèyàn tó sì kóra ẹ̀ níjàánu nìyí. Mo rí ẹnì kan tó ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kà lẹ́ẹ̀mejì, gbólóhùn ọ̀hún ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án lọ, ó wá ní òun mọ̀ pé á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dá ẹni tó kọ ọ́ lójú pé òun lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tó kọ ọ́ wà ní tábìlì mi, ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì ìnuwọ́ nu ojú. Ẹ bi mí ní ohun tá a jẹ lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé àwàdà nìkan ló ń mú gbọ̀ngàn dání. Ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ White House l'Amẹ́ríkà ti ń ṣe dínà tiwọn látọdún 1921, aláwàdà ni wọ́n sì sábà máa ń gbé sórí ìtàgé, èyí tí wọ́n gbé síbẹ̀ lọ́dún 2018 wá dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀, ni wọ́n bá pe Ron Chernow lọ́dún 2019, òpìtàn o! Ilé ò wó.

Kó ṣe adájọ́? Rárá. Ẹni tó dájọ́ ò lè tún dìde kó máa yin ìdájọ́ ara ẹ̀.

Kò_Ká_Mi_Lára

Èmi ò tiẹ̀ mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń da ara yín láàmú. Ẹ pa dínà tì, ẹ kó owó gbọ̀ngàn fún àwọn tó jáwé olúborí kí wọ́n fi ra kámẹ́rà tàbí kí wọ́n fi sanwó lọ́yà. Oníròyìn tí wọ́n jẹ lówó oṣù, ẹ gbé gíláàsì tí wọ́n kọ nǹkan sí fún un, kí ló fẹ́ fi ṣe, ṣé á bù ú jẹ ni? Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa àwa náà là ń pàtẹ́wọ́ fún ara wa níbẹ̀.

Ẹ wo Dmitry Muratov, tó jẹ́ ẹ̀dítọ̀ ìwé ìròyìn Novaya Gazeta ní Rọ́ṣíà nígbà yẹn, òun àti Maria Ressa, oníròyìn ará Philippines, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel lọ́dún 2021. Kí ló fi mẹ́dáàlì tiẹ̀ ṣe? Ó gbé e lọ sí gbàǹjo lóṣù kẹfà ọdún 2022, ó tà á ní mílíọ̀nù 103.5 dọ́là, gbogbo ẹ̀ ló kó fún UNICEF fún àwọn ọmọ tí ogun Ukraine lé kúrò nílé. Ìyẹn lèmi ń pè ní àmì ẹ̀yẹ tó wúlò.

Mo_Ṣe_Adájọ́_Rí

@Kò_Ká_Mi_Lára orúkọ ẹ ń parọ́, ó ká ẹ lára gan-an 😂 Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn, tí wọn ò bá fún Muratov ní mẹ́dáàlì, kí ni ì bá tà?

Àmì ẹ̀yẹ lágbára tí owó ò ní. Christina Anyanwu, oníròyìn ọmọ Nàìjíríà, inú ẹ̀wọ̀n ló wà nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn òmìnira iṣẹ́ ìròyìn UNESCO/Guillermo Cano lọ́dún 1998. Guillermo Cano fúnra ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ẹ̀bùn yẹn, ẹ̀dítọ̀ ni, iwájú ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ẹ̀, El Espectador, ní Bogotá lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà ni wọ́n yìnbọn pa á sí lóṣù kejìlá ọdún 1986. Tí gbogbo ayé bá ti ń dárúkọ èèyàn, ẹni tó tì í mọ́lé mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Àmọ́ àfi táwọn èèyàn bá gba àmì ẹ̀yẹ ọ̀hún gbọ́ o, èyí tó mú mi dé orí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá akọ̀wé sọ, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ àlejò kọ́ ni ìṣòro yín àkọ́kọ́, àwọn adájọ́ ni.

Mo ṣe adájọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ọdún àkọ́kọ́, mo fẹ́ jẹ́wọ́ níbí, wọ́n kó iṣẹ́ 64 fún àwa mẹ́ta ní ọjọ́ Friday, wọ́n ní kí èsì ti dé ní Monday. Àwọn ogún tó kẹ́yìn, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni mo kà. Nígbà tó yá, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ dínà tán, mo wá fara balẹ̀ ka ọ̀kan tí mo ti fún ní máàkì kékeré, ẹni náà bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń ka oògùn nínú stọ́ọ̀ kan, ohun tó burú wà ní ojú ìwé kẹrin. Òun ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀. Títí dòní tí mo bá rí ẹni yẹn mo máa ń kí i ju bó ṣe yẹ lọ, kò mọ ìdí.

Ẹ wo bí àwọn tó ń fúnni ní Pulitzer, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún oníròyìn àti òǹkọ̀wé l'Amẹ́ríkà, ṣe ń ṣe tiwọn, ọdún 1917 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí náà wọ́n ti ṣàṣìṣe tó kí wọ́n kọ́gbọ́n. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn adájọ́ tiẹ̀, àwọn yẹn á yan mẹ́ta, wọ́n á gbé e fún bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù á wá dìbò. Tó bá kan iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ẹnì kan nínú bọ́ọ̀dù fi sílẹ̀, ẹni yẹn á jáde kúrò ní yàrá. Tí kò bá sì sí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn ò ní fún ẹnikẹ́ni! Lọ́dún 2012 wọn ò fún ẹnì kankan ní ti ọ̀rọ̀ olóòtú, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtàn àròsọ. Ẹ fi ìyẹn sínú òfin yín. Tó bá jẹ́ pé ìròyìn ọrọ̀ ajé tẹ́ ẹ rí lọ́dún kan ń yin ẹni tó gbówó kalẹ̀ ni, ẹ fi ààyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Èkejì, ẹ yẹ iṣẹ́ wò kẹ́ ẹ tó pàtẹ́wọ́. Janet Cooke ti ìwé ìròyìn Washington Post kọ ìròyìn lọ́dún 1980 nípa ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó ń lo oògùn olóró heroin, wọ́n fún un ní Pulitzer lóṣù kẹrin ọdún 1981, ọjọ́ méjì péré ló fi wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí ọmọ kankan níbì kankan. Ẹ sì mọ ohun tó tú u fó? Ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ tó kọ ránṣẹ́ ni, ó ní òun gboyè níléèwé tí kò ti gboyè, àwọn tó mọ̀ ọ́n wá rí i kà. Ẹ tún lè sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn, ó dáa, Claas Relotius ti ìwé ìròyìn Der Spiegel ní Jámánì ńkọ́? Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n tún gbé àmì ẹ̀yẹ míì fún un, oṣù ọ̀hún ò tíì parí tí gbogbo ayé fi mọ̀ pé ńṣe ló ń hun ìtàn. Juan Moreno tí wọ́n jọ kọ ìròyìn kan pa pọ̀ ló lọ tọpa ẹ̀, àwọn ọ̀gá ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, torí àmì ẹ̀yẹ tó wà lára ògiri Relotius ti pọ̀ jù. Àwọn adájọ́ ló fi oògùn yẹn kọ́ ọ lọ́rùn o. Ẹ ní kí àwọn tó bá wọ ìpele tó kẹ́yìn fi ìwé àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, kí adájọ́ kan pe ẹnì kan péré tí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìròyìn náà. Fóònù kan ni o.

Ẹ má tún máa fún ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìròyìn jáde nìkan ní máàkì. Dele Olojede gba Pulitzer lọ́dún 2005 lórí iṣẹ́ tó ṣe fún ìwé ìròyìn Newsday l'Amẹ́ríkà, Rwanda ló kọ nípa ẹ̀, ọdún 1994 sì ni ìpakúpa yẹn ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn táwọn tó sáré débẹ̀ ti sáré kúrò ló padà lọ bi wọ́n léèrè pé báwo lẹ ṣe ń gbé pọ̀ báyìí.

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Adájọ́, ti ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ yẹn dùn mí torí ohun tí tiwa náà ń ṣe nìyẹn, ọ̀sẹ̀ kan péré la máa ń fún wọn. Mo máa sún un sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ìbéèrè kan ló kù. Mo sọ fún alága pé kí àwọn onígbọ̀wọ́ má gbé àmì ẹ̀yẹ fúnni mọ́, ó ní ṣé mo fẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa lé wọn lọ ni. Mi ò sì lè ní kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, owó ni gbogbo ẹ̀.

Bàbá_Déèsìkì

Má bá alága jà. Sọ fún un pé onígbọ̀wọ́ á máa gbọ́wọ́ fún dínà lódidi, kò ní gbọ́wọ́ fún ìsọ̀rí kankan. Orúkọ wọn á wà nínú ìwé ètò, á wà lára ògiri tí wọ́n ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀, wọ́n á ní tábìlì tó dáa, MC á kí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó tán. Àlejò yín tàbí ẹni tó gba ìsọ̀rí kan náà lọ́dún tó kọjá ni kó máa fún èèyàn. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òun ò ṣe mọ́ torí ìyẹn, ẹ ti mọ ohun tó ń rà látẹ̀yìnwá.

Máíkì_Lọ́wọ́_Mi

Ẹ jẹ́ kí n bá àwa MC sọ tiwa torí gbogbo ẹ̀bi ló ń já lé wa lórí nígbẹ̀yìn. Ẹni tó ṣi orúkọ ọmọ yẹn pè, mo lè fi nǹkan búra pé orí ìtàgé ni wọ́n ti gbé ìwé lé e lọ́wọ́. Ó ti ṣe mí náà. Wọ́n fi fọ́ǹtì kékeré tẹ orúkọ, iná ń ṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí i rí láyé mi, kí ni kí n ṣe?

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé nígbà tí wọ́n bá ń gba iṣẹ́ wọlé ni mo máa ń ní kí wọ́n gba ohùn olúkúlùkù lórí WhatsApp, kó pe orúkọ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn o, kì í ṣe ẹni tó máa gbégbá orókè nìkan, torí tẹ́ ẹ bá lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn ó ti mọ̀ nìyẹn. Fọ́ọ̀mù kan náà ni kó kọ orúkọ ẹ̀ sí bó ṣe fẹ́ kó wà lára pílákì. Mo máa ń fi ohùn yẹn sétí nínú ọkọ̀ títí màá fi débẹ̀.

Ẹ̀nfílóòpù ńkọ́! Oscar lọ́dún 2017, pẹ̀lú gbogbo owó tí wọ́n ní, ẹ̀nfílóòpù ìsọ̀rí míì ni wọ́n kó lé àwọn tó fẹ́ kéde fíìmù tó dáa jù lọ́wọ́, àwọn tí kì í ṣe tiwọn ti ń dúpẹ́ lórí ìtàgé kí wọ́n tó sáré gbà á lọ́wọ́ wọn. Tiyín ò ju mẹ́sàn-án lọ, ẹ kọ orúkọ ìsọ̀rí gàdàgbà sára ẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo máa kó o lọ́wọ́ títí tó fi máa tán.

Àti ètò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun kẹ́ ẹ tó gbé máíkì fún àlejò, ebi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ebi ò gbọ́ Yorùbá. Lẹ́yìn ẹ̀ kí àmì ẹ̀yẹ bẹ̀rẹ̀ kíá, gbólóhùn méjì lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó pe orúkọ, kí gbọ̀ngàn mọ ìdí tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ alága lẹ máa gé, ẹ má gé orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn_Gbọ̀ngàn

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀ torí èmi ò tíì gba àmì ẹ̀yẹ kankan rí, wọ́n kàn fi orúkọ mi sára àwọn tó dé ìpele tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ni. Kò bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ẹ̀dítọ̀ tí wọ́n pè kúrò ní tábìlì ọlọ́lá níwájú, ó ń bọ̀ lẹ́yìn, a rò pé ilé ìtọ̀ ló ń wá. Ó fa àga, ó jókòó sáàárín àwa tá a pàdánù. Kò kí wa pẹ̀lẹ́. Ó wò mí, ó ní òun ka tèmi, ó ní "kí lo yọ kúrò?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo sọ fún un pé ẹnì kan wà tó rí gbogbo nǹkan ṣojú ẹ̀ tí kò gbà kí n kọ orúkọ òun, mo wá fi gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀. Ó ní ṣé mo bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù gan-an, orúkọ ni àbí ohùn ni àbí ibi iṣẹ́? Mi ò bi í. Ó fa bírò yọ, ó kọ ìbéèrè mẹ́ta sí ẹ̀yìn ìwé ètò mi, ó kọ ọ́ gátagàta bí ẹ̀dítọ̀ ṣe máa ń kọ̀wé. Mo padà lọ bá ẹni yẹn lọ́sẹ̀ kejì. Ibi iṣẹ́ ẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ o! Orúkọ ò tiẹ̀ ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Apá kejì ìròyìn mi ti jáde látinú ìyẹn, ìwé ètò ọ̀hún sì ṣì wà lára ògiri mi, ọbẹ̀ ta sí i níbì kan.

Torí náà tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kó tètè dé lọ́jọ́ yẹn. Kó fi wákàtí méjì ọ̀sán jókòó pẹ̀lú àwọn tó dé ìpele tó kẹ́yìn, láìsí kámẹ́rà, láìsí onígbọ̀wọ́, kí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn kalẹ̀. Lálẹ́, ẹ má gbé e sáàárín àwọn ọ̀gá. Àwọn ọ̀gá ti mọ̀ ọ́n.

Kò_Ká_Mi_Lára

Èyí ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é èmi náà á wá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà fi owó díẹ̀ kún pílákì yẹn fún wọn o.

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀

Mo ní kí n wá jábọ̀ fún yín.

Mo kọ lẹ́tà tuntun sí bàbá, ìdajì ojú ìwé péré, kò sí oríkì. Mo kọ aago tó máa dé, mo kọ ìṣẹ́jú 12, mo kọ pé ọ̀sán pẹ̀lú àwọn ọmọ ìpele tó kẹ́yìn, mo kọ pé a máa fi iṣẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ránṣẹ́. Kó tó mọ́jú ó ti fèsì, ìlà mẹ́ta. Ó ní ìṣẹ́jú 12 ti pọ̀ jù, òun fẹ́ 10. Ó ní fún tọ̀sán, kí àwọn ọmọ má mú èyí tó ti jáde wá, kí wọ́n mú èyí tí ẹ̀dítọ̀ wọn fi bírò pupa kọ nǹkan sí kó tó jáde. Ó wá ní òun ò ní jókòó síwájú. Mo ka ìyẹn fún alága wa, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní "ṣé a ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Àwọn onígbọ̀wọ́ méjì ti gbà, ọ̀kan ò tíì fèsì, mi ò sì rò pé ó máa fèsì. Àwọn adájọ́ ti gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n tún buwọ́ lù ú pé ẹni tó bá mọ ẹni tó kọ iṣẹ́ kan á jáde síta.

Mo tún pe ọmọbìnrin ọdún èṣí yẹn lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ò tètè yọ lẹ́nu mi. Mo ní a fẹ́ tún pílákì ẹ̀ ṣe ká sì tún un fún un lọ́jọ́ dínà, pẹ̀lú orúkọ tó péye, níwájú gbogbo èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní inú dúrọ́ọ̀ ló wà látìgbà yẹn, pé ìyá òun ti béèrè ẹ̀ títí ó ti sú u. Ó wá pe orúkọ ẹ̀ fún mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn rí. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ.

Bàbá_Déèsìkì

O ti kọ ọ́ ránṣẹ́ kẹ̀? Ní kí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán bó ṣe máa rí, fi ránṣẹ́ sí ọmọ yẹn, kí òun fúnra ẹ̀ kà á kó ní ó péye, kí wọ́n tó fi irin kan gíláàsì. Prúùfù là ń pe ìyẹn nídìí iṣẹ́ wa, àfi bí ẹ bá ti gbàgbé.

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀

Mo ń pe ẹni tó ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́ báyìí sà.